Ẹni Tó Ń Dúró Lójú Ewé

Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe àlọ́. Ó ṣẹlẹ̀ ní Ẹdẹ, nínú ilé tí mo mọ ẹnu ọ̀nà rẹ̀, àwọn tó sì ṣẹlẹ̀ sí ṣì ń dáhùn bí a bá kí wọn. Ẹni tó bá gbà á gbọ́, ó gbà á gbọ́. Ẹni tí kò bá gbà, kó ṣáà má lọ bi wọ́n léèrè. Ó ti rẹ̀ wọ́n.

Ìbéèrè ọmọdé ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀.

"Ummi, ọmọ tó kú kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ, kí ni Ọlọ́run fi ń pè é?"

Labeebah ló béèrè. Ọmọ ọdún méje ni. Gbogbo ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti ibi ìsọmọlórúkọ ní ilé Ìyàndá, aránṣọ tó jẹ́ aládùúgbò wọn. Níbẹ̀ ni ìyá bàbá Labeebah, Sàdíátù, ti gbé ìkókó náà lọ́wọ́, tó ní, "Ọlọ́run á jẹ́ kó o pẹ́ lórí orúkọ yìí. Kì í ṣe gbogbo yín lẹ máa ń dúró gbà á." Kò rò pé ọmọdé ń gbọ́. Ọmọdé máa ń gbọ́.

Sàdíátù ń yí tẹ̀sùbáà rẹ̀. Zakariyah, bàbá Labeebah, ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ bí ẹni pé ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ rí i. Tawheed, ọmọ ọdún mẹ́ta, ń lá oyin tó kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá wọn, Fàdìlàt, kó abọ́, ó jáde lọ fọ̀ wọ́n. Àwọn abọ́ náà mọ́ tẹ́lẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ti ṣáájú Labeebah. Ọjọ́ mẹ́fà ló lò láyé. Wọ́n ti ra àgbò, wọ́n ti sọ fún Àfáà, ó ku ọjọ́ méjì kí wọ́n sọ ọ́ lórúkọ. Zakariyah fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́yìn ilé kí ojúmọ́ tó mọ́. Láti ọjọ́ náà, ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ mọ́. Tuntun ni wọ́n ń pè é fún ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Tuntun kì í sì í ṣe orúkọ. Gbogbo ọmọ ló ń jẹ́ ẹ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ṣùgbọ́n Fàdìlàt ti ní orúkọ kan nínú. Ọmọ náà máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ lójú oorun. Ibtisam, tó túmọ̀ sí ẹ̀rín músẹ́, ni ìyá rẹ̀ fẹ́ sọ ọ́. Kò wí i síta, nítorí a kì í pe orúkọ ọmọ kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ọjọ́ kò sì pé.

Olùkọ́ ni Fàdìlàt. Ìpele kẹrin ló ń kọ́ ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nínú ìlú. Ó ti pẹ́ tó ti ń fẹ́ kọ ìwé ìkàwé fún àwọn ọmọdé, ilé ìtẹ̀wé kan ní Ìbàdàn sì ti ní kó mú un wá kí oṣù tó parí. Ọdún méjì ló ti ń kọ ọ́. Ojú ewé kan péré ló wà nílẹ̀. Yóò kọ ìlà kan, yóò pa á rẹ́. Yóò tún un kọ, yóò tún un pa rẹ́. Fóònù á dún, òbí ọmọ kan á béèrè lórí Wátsáàpù bóyá iṣẹ́ àṣetiléwá wà. Kó tó dáhùn tán, ilẹ̀ ti ṣú, oorun ti ń kùn ún.

Yẹ́misí, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní kọ̀ǹpútà ní iléèwé kan náà, ló rí i tó ń fi ọwọ́ gbá orí ara rẹ̀ nínú ọ́fíìsì.

"Wàhálà rẹ ò ju méjì lọ, Fàdì," Yẹ́misí wí. "Fóònù, àti bọ́tìnì ìparẹ́. Fóònù, gbé e fún ọkọ rẹ. Bọ́tìnì yẹn, màá bá ọ pa á."

"Pa á báwo?"

"Gbé láptọ̀ọ̀pù wá."

Áàpù kan ló fi sí i. Bí wọ́n bá ṣí i, gbogbo nǹkan yòókù á pòórá lójú kọ̀ǹpútà. Kò sí aago. Kò sí àwòrán. Kò sí ìwé mìíràn. Ojú ewé funfun nìkan, àti ìlà dúdú kékeré tó ń ṣẹ́jú, àti iye ọ̀rọ̀ tí ènìyàn ti kọ, nísàlẹ̀ pátápátá. Yẹ́misí ṣètò rẹ̀ sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ọ̀rọ̀. Kó tó pé bẹ́ẹ̀, kò sí ìparẹ́.

"Tí mo bá ṣì í kọ ńkọ́?"

"Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ìkọ̀wé àkọ́kọ́ kì í ṣe ìyàwó ojú ọ̀nà, ta ló ní kó rẹwà? Kọ ọ́ bó ṣe burẹ́wà mọ. Tó bá yá, wàá wẹ̀ ẹ́, wàá kùn ún látìkè."

"Tí mo bá yọ áàpù náà kúrò?"

"Gbogbo ohun tó wà nínú rẹ̀ bá a lọ nìyẹn. Má dán an wò o."

Ìgbà tí gbogbo ilé bá sùn tán nìkan ni Fàdìlàt máa ń ráyè. Ó máa ń jókòó ní pálọ̀, láptọ̀ọ̀pù lórí itan, aṣọ ìborùn lórí èjìká. Ilé tí gbogbo ènìyàn ti sùn ní ohùn tirẹ̀. Èémí Tawheed máa ń há díẹ̀ nínú imú. Labeebah máa ń lọ eyín. Sàdíátù máa ń hanrun, á dákẹ́, á tún bẹ̀rẹ̀. Fàdìlàt mọ gbogbo ohùn náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá pẹ́ jù kó tó padà wá, yóò dìde lọ wò ó. Bó ṣe rí nìyẹn láti ọdún kẹsàn-án sẹ́yìn.

Ìtàn rẹ̀ rọrùn. Àwọn ọmọ méjì, ọkùnrin kan, obìnrin kan, lọ lo ìsinmi iléèwé lọ́dọ̀ ìyá àgbà wọn ní Awo. Òru àkọ́kọ́, ó kọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ kan. Òru kejì, ó kọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní òru kẹta, ojú rẹ̀ ti ń pa dé, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tẹ̀. Ó la ojú, ó ka ohun tó kọ.

*Ibtisam ni ẹ̀gbọ́n wọn.*

Ó tẹ bọ́tìnì ìparẹ́. Kò sí ohun tó ṣẹlẹ̀. Ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó tẹ̀ ẹ́ títí ìka fi ń dùn ún. Orúkọ náà wà níbẹ̀, ìlà dúdú kékeré ń ṣẹ́jú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Ó rẹ̀ ẹ́. Ó wí fún ara rẹ̀ pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, òun á yọ ọ́. Ó ń kọ ọ́ lọ.

Ibtisam kò ni í lára. Ó mọ igi gúáfà tó so. Ó máa ń pọn àbúrò rẹ̀ ọkùnrin bí ó bá rẹ̀ ẹ́ lójú ọ̀nà. Ó máa ń fi àkàrà tirẹ̀ sílẹ̀ kí ti ẹlòmíràn lè tó. Fàdìlàt kò ní láti ronú ohun tó kàn tí yóò ṣe. Ó kàn ń tẹ̀lé e ni. Bí ilẹ̀ bá ti ṣú, yóò tètè bu oúnjẹ, yóò tètè tẹ́ ẹní, yóò máa yára bí ẹni tó fi ọmọ ọmú sílẹ̀ ní yàrá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Kò sí ohun tó fẹ́ sọ.

Ní òru kẹsàn-án, ó mú àwọn ọmọ inú ìtàn sùn sí ilé ìyá àgbà wọn. Ó fẹ́ parí orí náà síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kọ ọ́ pé Ibtisam kò sùn. Ibtisam dìde. Ibtisam lọ jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

*"Ìgbà wo ni Ummi máa dé?"*

Fàdìlàt gbé ọwọ́ kúrò bí ẹni tí iná jó.

Màmá ni àwọn ọmọ inú ìwé náà ń pe ìyá wọn láti ojú ewé kìíní. Ilé ìtẹ̀wé ló ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ummi ni àwọn ọmọ tirẹ̀ ń pè é.

9,412 ni iye tó wà nísàlẹ̀. Ó pa láptọ̀ọ̀pù dé. Nígbà tó wọ yàrá, Tawheed ti jókòó lórí ẹní. Kò sunkún. Ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà.

Òru ọjọ́ náà ni oorun kúrò nílé wọn.

Kò sí ariwo kankan. Ẹnikẹ́ni kò kanlẹ̀kùn. Ìbá tilẹ̀ sàn bí ẹnì kan bá kanlẹ̀kùn. Labeebah jí, ó jókòó ti àbúrò rẹ̀. Zakariyah jáde wá láti yàrá kejì, ó ní ooru ń mú òun, bẹ́ẹ̀ ọyẹ́ ń fẹ́. Sàdíátù ti wà lórí ẹní ìkírun rẹ̀, kì í ṣe àsìkò ìrun. Wọ́n jókòó báyẹn títí tí ilẹ̀ fi mọ́, ojú gbogbo wọn là sílẹ̀ kedere.

Ní ọjọ́ kejì wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́.

"Bóyá oorun tí Ọlọ́run bù fún wa ló tán," Zakariyah wí. "Ẹ jẹ́ ká lọ yá díẹ̀ lọ́wọ́ Ìyàndá. Ọ̀lẹ yẹn, á ní ìṣẹ́kù."

"Aṣọ mi tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù kẹta, orí rẹ̀ ló ń sùn sí," Sàdíátù dáhùn.

Ní ọjọ́ kẹta, kò sẹ́ni tó ṣe àwàdà. Wọ́n gbìyànjú oorun ọ̀sán. Bí ẹnì kan bá dùbúlẹ̀, ojú rẹ̀ á pa dé, á sì tún là, bí ẹni pé ẹnì kan fọwọ́ tọ́ ọ. Sàdíátù fi iyọ̀ sínú ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Fàdìlàt kọ ọjọ́ sójú pátákó níwájú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀, ó sì dúró síbẹ̀, ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́, títí ọmọ kan fi pariwo pé, "Àǹtí!" Àárẹ̀ tí kò ní oorun lẹ́yìn dà bí ẹrù tí kò ní ibi ìsọ̀.

Ó gbé Labeebah lọ sí ilé ìwòsàn kékeré kan. Nọ́ọ̀sì wo ojú rẹ̀, ó wo ètè rẹ̀, ó gba ẹ̀jẹ̀.

"Ara ọmọ yín dá, Ìyá Labeebah. Ẹ jẹ́ kó máa sùn."

"Kò sùn ni mo ṣe gbé e wá."

"Ẹ̀yin alára ńkọ́? Ẹ wo ojú yín nínú dígí."

Fàdìlàt rẹ́rìn-ín. Kò lè dá ẹ̀rín náà dúró. Nọ́ọ̀sì ní láti fà á jókòó.

Ní ọjọ́ kẹrin, Zakariyah dé sílé kí oòrùn tó wọ̀. Awakọ̀ ni, bọ́ọ̀sì elérò mẹ́rìnlá ló ń wà. Ó dúró lójúde, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ní oríta Sekona ni mọ́tò ti yà kúrò lójú títì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìṣísẹ̀ kan ló kù kó kan obìnrin tó ń sun bọ̀ọ̀lì.

"Ẹ sùn lọ ni?" Fàdìlàt béèrè.

"Ká ní mo sùn ni, ṣé mi ò ní dúpẹ́? Ojú mi là. Ẹnu ọ̀nà kan ni mo rí níwájú mi, lójú títì gbangba. Ó ṣí sílẹ̀. Mo ń ya fún un ni."

"Fún ẹnu ọ̀nà?"

"Fún ẹni tó jókòó níbẹ̀."

Ó wọlé lọ.

Ní òru karùn-ún, wọ́n gbé Labeebah lọ sọ́dọ̀ Yẹ́misí, pé bóyá ilé ni kò dára. Kó tó di aago kan, fóònù Fàdìlàt dún.

"Fàdì," Yẹ́misí wí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ọmọ rẹ wà lẹ́nu ọ̀nà mi. Ó ti jókòó láti aago mọ́kànlá. Mo bi í pé ta ló ń dúró dè."

"Kí ló wí?"

"Ó ní òun kọ́ ló ń dúró. Ó ní òun kàn ń bá a jókòó ni." Yẹ́misí mí. "Ẹ wá gbé e. Ẹ má bínú. Mo nífẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ, ṣùgbọ́n ẹ wá gbé e."

Ilẹ̀ mọ́. Sàdíátù ń ṣa ẹ̀wà lẹ́yìn ilé. Fàdìlàt lọ kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì sọ gbogbo rẹ̀, láti orí áàpù Yẹ́misí títí dé orí ẹni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà lójú ewé. Ìyá àgbà náà kò gbé ojú sókè. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí lo ní o pè é?"

"Ibtisam, Ìyá."

Ọwọ́ Sàdíátù dúró.

"Níṣojú ta ni?"

"Èmi nìkan ni."

"Kò sí Àfáà. Kò sí oyin. Kò sí àdúà ẹnì kankan. O kàn pè é, lóru, o sì jókòó tì í fún òru méje."

"Ìtàn ni, Ìyá. Ìtàn ọmọ iléèwé ni mò ń kọ."

"Ṣé òun mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Fàdìlàt tẹ orí ba.

"Orúkọ kì í ṣe ohun tí ẹnì kan ń dá sọ," Sàdíátù wí. Kò bínú. Ó rẹ̀ ẹ́ débi tí kò fi lè bínú. "Gbogbo wa la máa ń pé jọ, kí ẹni tí a pè lè mọ ilé tí a pè é sí. Ìwọ pè é, ó sì dáhùn, o wá pa ìlẹ̀kùn mọ́ ọn lójú. Ojú ta ló fẹ́ rí oorun níbẹ̀?"

"Kí ni kí n ṣe?"

"Padà síbẹ̀. Kọ ọ́ pé o dágbére fún un. Ní kó máa lọ sílé rẹ̀." Ó tún mú ẹ̀wà. "Mi ò ní kó o gbà pé yóò lọ o. Mo kàn sọ ohun tí mo mọ̀ ni."

Àṣálẹ́ ọjọ́ náà ni Zakariyah wọlé tòun ti iṣẹ́ tó ti gbà láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Àwọn ọmọ ilé-kéwú mẹ́rìnlá ń lọ sí ìdíje ní Ìlọrin. Aago márùn-ún ìdájí ló máa gbé wọn.

"Ẹ ò lè wa mọ́tò lọ́la," Fàdìlàt wí.

"Ta ni màá wá fún wọn ní aago mẹ́jọ alẹ́? Mo ti pe àwọn awakọ̀ mẹ́ta. Kò sẹ́ni tó ráyè."

"Ẹ sọ fún Àfáà pé ara yín ò yá."

"Kí n ní kí ni? Pé mi ò sùn nítorí kọ̀ǹpútà?"

Nítorí Sàdíátù ti sọ fún un. Ó kọjá lára ìyàwó rẹ̀, ó gbé láptọ̀ọ̀pù lórí tábìlì, ó ṣí i. Kò mọ̀wé kọ̀ǹpútà púpọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń yọ áàpù. Ọmọ Ìyàndá ti kọ́ ọ lórí fóònù. Ìka rẹ̀ ti wà lórí rẹ̀ nígbà tí Fàdìlàt di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Bàbá Labeebah. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọmọ mẹ́rìnlá, Fàdìlàt. Ọmọ àwọn ènìyàn. Pẹ̀lú àwọn méjì tó wà nílé yìí."

"Mo mọ̀."

"Tó o bá mọ̀, fi ọwọ́ mi sílẹ̀."

"Ẹ̀yin lẹ gbẹ́ ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan," Fàdìlàt wí. "Ẹ má tún gbẹ́ òmíràn. Ẹ jẹ́ kí n bá a sọ̀rọ̀. Lálẹ́ òní nìkan. Tí kò bá ṣiṣẹ́, kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ yọ ọ́. Mi ò ní dí yín lọ́wọ́."

Zakariyah wò ó títí. Ó gbé ọwọ́ kúrò.

Iná ti lọ láti aago méje. Gbogbo wọn wà ní pálọ̀, nítorí kò sí ibi tí ẹnikẹ́ni tún fẹ́ lọ. Sàdíátù lórí ẹní. Zakariyah lórí àga, Tawheed láyà rẹ̀. Labeebah jókòó sílẹ̀, ó fẹ̀yìn ti ògiri. Zakariyah ṣètò aago inú fóònù rẹ̀ sí mẹ́rin ìdájí, ó gbé e sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà kó má bàa lè na ọwọ́ pa á. Kò sẹ́ni tó sọ pé kò sí oorun tí aago máa jí.

Fàdìlàt ṣí láptọ̀ọ̀pù. Ìmọ́lẹ̀ funfun bọ́ sí ojú gbogbo wọn. Ojú ewé náà ṣí sí ibi tó fi í sí.

*"Ìgbà wo ni Ummi máa dé?"*

Lábẹ́ rẹ̀, ìlà kan náà wà lẹ́ẹ̀kan sí i. Lábẹ́ ìyẹn, ọ̀kan sí i. Ó kà wọ́n. Márùn-ún, láìka ti àkọ́kọ́. Fún òru márùn-ún tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kan láptọ̀ọ̀pù náà.

9,442.

Kò fi han àwọn yòókù. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀. Ó kọ ọ́ pé ìyá àwọn ọmọ náà kò lè sùn ní Ẹdẹ. Ó kọ ọ́ pé ó wọ aṣọ rẹ̀ lóru, ó gun ọ̀kadà, ó ń bọ̀ ní Awo. Ó kọ atẹ́gùn tútù. Ó kọ iná mọ́tò tó ń bọ̀ láti iwájú. Ó kọ ọ́ pẹ́, nítorí kò fẹ́ kí ìyá náà tètè dé.

"Ó ti gbọ́ ọ̀kadà," Labeebah wí.

Ibi tó jókòó sí, kò lè rí ojú kọ̀ǹpútà.

"Labeebah, dákẹ́," bàbá rẹ̀ wí.

Fàdìlàt ń tẹ̀. Ìyá náà sọ̀ kalẹ̀. Ó rìn dé ojúde. Ọmọ kan jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìrì ti sẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀. Ìyá náà bẹ̀rẹ̀, ó fi etí ìró rẹ̀ nu ẹsẹ̀ náà, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Ẹsẹ̀ náà ti dàgbà. Kì í ṣe ẹsẹ̀ ọmọ ọjọ́ mẹ́fà mọ́.

"Ó ti dìde," Labeebah wí, jẹ́jẹ́.

Afẹ́fẹ́ pálọ̀ náà tutù. Tẹ̀sùbáà Sàdíátù dákẹ́.

"Fàdìlàt," ìyá àgbà wí láti inú òkùnkùn. "Dágbére fún un. Báyìí."

Fàdìlàt kọ ọ́ pé: *Ó ti tó, ọmọ mi.* Ó kọ ọ́ pé: *Máa.*

Ó dúró. Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Kò gùn. Zakariyah ń wò ó. Ọmọ mẹ́rìnlá ń sùn ní ilé wọn, aṣọ ìdíje wọn ti wà lórí ìkọ́. Tawheed la ojú sílẹ̀ láyà bàbá rẹ̀, ojú náà ti pọ́n, ó ti wọnú. Fàdìlàt mọ ohun tó yẹ kó tẹ̀. Ó gbé ìka sókè. Ọdún mẹ́sàn-án ló wà nínú ìka náà.

*Máa bọ̀*, ó tẹ̀. *Wọlé. Ó ti pẹ́.*

Sàdíátù kò lè rí i, ṣùgbọ́n ó ṣe bí ẹni tó gbọ́. "Há à," ó wí.

Kò sí ìlẹ̀kùn tó dún. Kò sí aṣọ tó mì. Tawheed ya ẹnu, ó yán. Ọjọ́ kẹfà rèé, kò sẹ́ni tó yán nílé náà. Ó yán lẹ́ẹ̀kejì, orí rẹ̀ sì fì sí èjìká bàbá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Zakariyah. Ó fẹ́ sọ nǹkan, ẹnu rẹ̀ ṣí, kò pa á dé mọ́. Sàdíátù dùbúlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ tó ń já bọ́ lórí okùn. Labeebah rìn wá bá ìyá rẹ̀, ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kó tó gbé orí lélẹ̀, oorun ti gbé e.

Nísàlẹ̀ ojú ewé, iye ọ̀rọ̀ ti pé ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá. Ọ̀rọ̀ kékeré kan yọ lójú kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ àkọ́kọ́ ti parí, ó wí. Láti ìsinsìnyí, ó lè pa ohunkóhun tó bá wù ú rẹ́.

Fàdìlàt fi ìka lé bọ́tìnì náà. Ó fetí sílẹ̀. Èémí kún inú ilé, ó nípọn, ó ń lọ, ó ń bọ̀. Ó fẹ́ mọ ohùn wọn lọ́kọ̀ọ̀kan bó ṣe máa ń ṣe. Wọ́n ti dàpọ̀ mọ́ra. Kò lè yà wọ́n sọ́tọ̀ mọ́.

Lọ́la, ó wí fún ara rẹ̀. Lọ́la ni òun á mọ ohun tí òun máa ṣe. Ó pa láptọ̀ọ̀pù dé. Òkùnkùn dé. Ó dùbúlẹ̀ ti Labeebah, ojú rẹ̀ wúwo, ṣùgbọ́n oorun tirẹ̀ kò tètè wá. Ó wà láàárín, kò sùn, kò jí. Kò mọ bó ṣe pẹ́ tó.

Aago mẹ́rin lù. Fóònù náà dún lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà, kíkankíkan. Ó mọ̀ pé ó yẹ kí òun jí ọkọ òun. Ó mọ̀ pé bó bá jí i, yóò wa mọ́tò lọ pẹ̀lú oorun tí kò tíì tó wákàtí mẹ́ta nínú ọjọ́ mẹ́fà. Apá rẹ̀ kò gbé. Fóònù ń dún. Ẹnikẹ́ni kò mira.

Nígbà náà ló gbọ́ ẹsẹ̀ lórí símẹ́ńtì. Ẹsẹ̀ kékeré, láìní bàtà, ẹsẹ̀ ẹni tí kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni jí.

Fàdìlàt na ọwọ́. Labeebah wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ara rẹ̀ gbóná. Lórí àga, imú Tawheed ń há lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀. Lórí ẹní, Sàdíátù ń hanrun.

Ẹsẹ̀ náà dé ibi àpótí. Fóònù dákẹ́.

Kò la ojú. Ó rẹ̀ ẹ́ jù.

"O káre," ó wí sínú òkùnkùn, bí ìyá ṣe ń wí fún ọmọ tó bá jẹ́ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà ni òun náà sùn.